Ojú Àmì àti Ìyàtọ̀ Àárín Wọn

Ipò mẹ́jọ ni a ń tẹ̀ lórí ọpọ́n, kan tàbí méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan; láti ibẹ̀ ni Odù 256 ti jáde. Ìṣirò yìí náà ni Wi-Fi àti fóònù bá pàdé nínú ètò 256-QAM: ojú àmì 256, ọ̀kọ̀ọ̀kan ru bíìtì mẹ́jọ. A kò wí pé Ifá ni ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ìṣirò kò ní ìlú.

Bí ojú àmì bá ti pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ tí ń kọjá ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n agbára ìránṣẹ́ ní ìwọ̀n. Bí a bá fún ojú àmì pọ̀, ariwo ojú ọ̀nà yóò jẹ́ kí a ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bí a bá tú wọn ká, agbára yóò tán.

Ní 1948, Claude Shannon ti Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní òpin ẹrù tí ó lè gbé láìsí àṣìṣe. Títò wọn ní igun mẹ́rin lásán kì í kan òpin yìí. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ń lo ojú àmì àárín, tí kì í jẹ agbára púpọ̀, léraléra ju ti etí lọ. Désíbẹ́ẹ̀lì 1.53 ni èrè rẹ̀ tí ó pọ̀ jù.

Ìyàtọ̀ tí ó hàn kedere ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí a rán di iṣẹ́ mìíràn.