Ìbẹ̀rù Adàwékọ: Ohun Tí Agbogbloshie Fi Hàn Wá

Olùkọ́ kan ń bẹ ní Ìbàdàn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olùkọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, kò sì sí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kì í lọ sí abúlé láti kọ oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ohun tí wọ́n ti kó jọ kún ìwé mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbèrò láti tà fún àwọn tí ń ra ẹ̀rọ àlòkù káàkiri. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, ojú ewé kan ṣoṣo kò tí ì jáde fún aráyé kà.

Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò mi, bí mo bá gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára lówùúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹlòmíràn yóò ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tèmi àti àwòrán mi ni yóò mú, tí yóò fi máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tí mo kọ́ níwèé. Kí ni mo fẹ́ wí nígbà náà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀wé ju èmi lọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo kọ àròkọ kan lórí ọjà Dùgbẹ̀. Kò pé oṣù kan tí mo fi rí i lábẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Ó kó gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, títí kan àṣìṣe tí mo ṣe nínú orúkọ òpópó kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, mo sì búra pé n kò ní kọ nǹkan kan mọ́: ìbúra tí akọ̀ròyìn kì í lè mú ṣẹ, nítorí owó ilé.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹ̀rù yìí láre, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Accra, olú-ìlú Ghánà, ní ibi tí a ti lè fi ojú rí bí orúkọ àti àṣírí ènìyàn ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Èjìgbò ni ó ń ṣòwò níbẹ̀.

Agbogbloshie wà ní etí odò Odaw, ní itòsí ibi tí odò náà ti ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Korle, òun àti àdúgbò Old Fadama sì ni wọ́n jọ pààlà. Ọjà iṣu àti àlùbọ́sà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà àjákù irin rẹ̀ ni ó mú kí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Àríwá Ghánà ń tú ọkọ̀, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà àlòkù níbẹ̀. Wọ́n ń sun wáyà níná kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jó kúrò, kí bàbà inú rẹ̀ lè ṣẹ́kù fún títà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni ó gba èbúté Tema wọlé láti òkè òkun.

Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀ròyìn láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, pẹ̀lú olùkọ́ wọn Peter Klein, ṣe fíìmù kan fún ètò Frontline ti tẹlifíṣọ̀n PBS ní Amẹ́ríkà lórí ìrìn-àjò àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Wọ́n dé Agbogbloshie. Wọ́n sì lọ sí ọjà Tema, wọ́n ra hard disk mélòó kan, èyí tí í ṣe àwo irin tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá àkọsílẹ̀ owó àwọn aládàáni nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan tí wọ́n rà ní nǹkan bí 40 dọ́là, wọ́n bá ìwé iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìjà fún Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àdéhùn tí ó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ẹ̀ka ìjọba. Bí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣọ́ àṣírí ìjọba bá lè gbàgbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ni a ó wí nípa olùkọ́ kan ní Ìbàdàn?

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti yé ni. Nígbà tí a bá pa ìwé kan rẹ́ nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ sábà máa ń yọ kúrò nínú àtòjọ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó wà títí ohun mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí alábòójútó ilé ìkàwé bá fa káàdì ìwé kan ya, tí kò sì mú ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti máa wo pẹpẹ kọ̀ọ̀kan yóò rí i.

Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni Ìyá Olùkọ́ ń ṣọ́, tí ẹ̀yìnkùlé wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu! Oríkì tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà, àti àwọn lẹ́tà wọn, àti nọ́ńbà báǹkì wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún aláàlòkù ní owó tí kò tó nǹkan.

Kí a má sì fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ń fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpútà ní Agbogbloshie kò wá oríkì ẹnikẹ́ni. Bàbà àti alumíníọ̀mù ni ó ń wá, òṣùwọ̀n ni yóò sì gbé e lé. Àwọn oníjìbìtì tí ń gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù, àwọn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ sakawa ní Ghánà tí ó sì ń jẹ́ yahoo lọ́dọ̀ tiwa, kò nílò ọgbà irin láti rí àwòrán tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn Agbogbloshie tí ó ká mi lára ju ti àwo irin lọ. Àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ni aráyé gba ojú rẹ̀ lò. Ní 2011, Pieter Hugo, ayàwòrán ará Gúúsù Áfíríkà, gbé ìwé àwòrán kan jáde tí ó pè ní Permanent Error, tí ó kún fún àwọn ọ̀dọ́ yìí nínú èéfín wọn. Ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń wọ́ wá: iná kan náà, èéfín kan náà. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ààtàn ẹ̀rọ tí ó tóbi jùlọ ní àgbáyé, òmíràn dà á kọ, òmíràn tún dà á kọ lára èyí.

Àwọn olùwádìí tí ó fara balẹ̀ sọ pé àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ìròyìn kan tí a ṣe lábẹ́ àdéhùn Basel ní 2011 sọ pé Ghánà kó nǹkan bí 215,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ wọlé ní 2009, tí àlòkù jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú àlòkù yìí, nǹkan bí 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wúlò mọ́. Ìyókù ń ṣiṣẹ́, tàbí ó ṣe é tún ṣe. Èéfín náà kì í ṣe irọ́, ó sì ń pa àwọn tí ń fà á símú lára. Ṣùgbọ́n ọjà ni ibẹ̀, àgbàlá iṣẹ́ ọwọ́ sì ni, ta ni ó gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba kó katapílà wá, wọ́n wó ọgbà irin náà, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà kó lọ sí Adjen Kotoku. Èmi kò sọ pé àwòrán ni ó wó o. Ìjọba ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún ààtàn?

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Olùkọ́ rí nìyí. Ẹni tí ó dákẹ́ kò tíì pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀ ni.

Ní Accra kan náà, àwọn kan ti kọ̀wé rí nígbà tí ohun tí wọ́n ní láti bẹ̀rù ju adàwékọ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ìwé ìròyìn African Morning Post, tí gbogbo ènìyàn mọ Nnamdi Azikiwe sí olóòtú rẹ̀, tẹ àròkọ kan tí ó béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ní Ọlọ́run. Orúkọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni "Effective". I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sierra Leone, ni ó kọ ọ́. Ìjọba amúnisìn fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan àwọn méjèèjì. Wọ́n dá Wallace-Johnson lẹ́bi, ẹjọ́ tí ó pè títí dé London kò sì gbà á. Wọ́n sọ Azikiwe sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní 1937 Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀, nítorí pé ìjọba kò mú ẹ̀rí wá pé òun ni olóòtú ní ọjọ́ náà gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó.

Kí a má ṣe da orúkọ ìnagijẹ pọ̀ mọ́ orúkọ àjígbé o. Láàárín 1929 àti 1930, I. B. Thomas tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ Akéde Èkó, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Thomas gan-an ni Sẹ̀gilọlá! Ṣùgbọ́n kò jí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Nígbà tí mo padà bá Ìyá Olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sọ fún wọn pé òfin kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún wa láyè láti kọ̀wé sí àwọn tí ń ṣètò ojú ewé orí ẹ̀rọ ayélujára pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ wa tí a jí kúrò. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015 sì ka fífi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé àwọn kì í tọrọ owó lọ́wọ́ òǹkàwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà òǹkọ̀wé ni ìwé mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ abúlé, àti ibi tí wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ kan nù tí wọ́n fi òmíràn sí i. Adàwékọ wo ni yóò rí ìyẹn mú jáde bí a bá bi í?

Mo wá béèrè ohun kan tí n kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí àbúrò béèrè. Mo ní, "Ẹ dákun mà, àwọn àgbà tí ó ki oríkì náà fún yín ńkọ́? Orúkọ ta ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n mú ìwé kẹta wá, wọ́n ṣí i. Orúkọ àwọn àgbà náà wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìlà kékeré fa abẹ́ àwọn tí ó ti kú. Mo ka mọ́kànlá nínú ìwé yẹn nìkan. Wọ́n ní méjì nínú wọn kò bímọ tí ó lè ki oríkì náà mọ́.

Ìyá Olùkọ́ ti yọ àwo irin kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà báyìí, ó wà nínú àpótí aṣọ wọn; aláàlòkù yóò ra ìyókù bí ó bá wù ú. Wọ́n ní bí ìsinmi bá dé, oríkì tí ó wà nínú ìwé kẹta ni àwọn yóò kọ́kọ́ gbé jáde, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kì í lókè, tiwọn nísàlẹ̀.