Ta Ni Ó Ń San Án? Ọ̀rọ̀ Owó Eré Ìdárayá láti Èdè Jámánì sí Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ fi ewì sílẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ owó eléré ìdárayá. Ọ̀dọ́mọkùnrin asáré kan ni ó fà á. Ó mú ìwé ìkéde eré ìje kan tí wọn yóò sá ní Jámánì wá bá mi, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kan ti bá a ṣe. ‘Startgeld’ ni ó wà nínú ìkéde. ‘Start money’ ni ògbufọ̀ kọ. Ọmọ náà ti ń retí 60 yúrò lọ́wọ́ wọn, kò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ní kí ó wá san án.

Ẹ má dá ògbufọ̀ náà lẹ́bi jù. Ojú méjì ni ‘Startgeld’ ní. Ó lè jẹ́ owó tí asáré ń san kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ owó tí àwọn olùṣètò ń fún gbajúmọ̀ kí ó lè yọjú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: ‘entry fee’ ni ti ìṣáájú, ‘appearance fee’ ni ti ìkejì. Ìwé atúmọ̀-èdè kò lè bá wa yan ọ̀kan. Àfi kí a wo ẹni tí ó ń ti ọwọ́ bọ àpò láti sanwó.

‘Prämie’ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1974, kí ìdíje Ife Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn bá àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn fa ọ̀rọ̀ ‘Prämie’ di òru ní ibùdó wọn ní Malente. 70,000 máàkì ni wọ́n fẹnu kò sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá gba ife. Wọ́n sì gbà á. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘premium’, ará Ìlú Ọba yóò rò pé owó adójútòfò ni. Bí ó bá kọ ‘prize money’, ó ti sọ pé àwọn olùṣètò ìdíje ni ó sanwó, bẹ́ẹ̀ ilé ara wọn ni ìjà Malente ti ṣẹlẹ̀. ‘Bonus’ ni ó tọ́. Ní 1989, nígbà tí àwọn obìnrin wọn gba ife ilẹ̀ Yúróòpù, àwo àti ife ìmukọfí ni àjọ yìí kan náà fún wọn ní ‘Prämie’. Níbẹ̀ pàápàá, ‘bonus’ náà ni n ó kọ, kí òǹkàwé lè rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe owó ọkùnrin àti àwo obìnrin.

‘Preisgeld’ kò nira: ‘prize money’ ni, àfi nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é ní ‘purse’.

Ó ku ‘dotiert’. Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá, lára ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ẹrù tí ìyàwó ń kó láti ilé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ. (Òdìkejì ìdána tiwa ni, ilé ọkọ ni ó ń gbé ìyẹn wá.) Ìkéde asáré mi ní eré náà jẹ́ ‘mit 5.000 Euro dotiert’. Ògbufọ̀ kọ ‘endowed with 5.000 euros’, bí ẹni pé wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀. Ó sì gbàgbé pé àmì ìdánudúró ni àwọn ará Jámánì fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, tí ó jẹ́ pé yúrò márùn-ún péré ni Gẹ̀ẹ́sì yóò kà níbẹ̀. Mo tún un kọ: ‘The race carries 5,000 euros in prize money.’ Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wá 60 yúrò rẹ̀.