Kí Wọ́n Tó Dé Gbọ̀ngàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ LASU Tó Ń Gbé Festac

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró níta Second Gate ní Festac. Kò ṣòro láti dá wọn mọ̀ láàárín èrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Mile 2, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ bọ́ sí Apapa tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ọ̀nà Ọ̀jọ́ ni ojú wọn wà. Báàgì wà lẹ́yìn wọn, àwọn kan ká kóòtù funfun mọ́ apá, ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń fi iná fóònù ka ìwé. Danfo kan yọ, kọ́ńdọ́ sì ti ń pariwo kí ọkọ̀ tó dúró: "LASU, Ìyànà-Ìbà! Ẹ mú ṣénjì yín dání o!" Kò tíì sí olùkọ́ kankan nítòsí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

LASU, fásitì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Festac, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, Mile 2 àti Satellite Town ń lọ. Ó sún mọ́ ilé, owó rẹ̀ kò sì ga tó ti fásitì aládàáni. Mo fẹ́ mọ bí ayé ibẹ̀ ṣe rí lójú àwọn tó ń gbé e, mo sì ń bi gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà léèrè ohun kan náà: báwo ni ilé-ìwé? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ yàrá a tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni olùkọ́, ìwé àti ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Èmi ò rí i bí ẹni tó ya kúrò lórí ìbéèrè. Fásitì tí ibùsùn rẹ̀ kò tó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi apá kan iṣẹ́ rẹ̀ lé awakọ̀ àti onílé lọ́wọ́, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń jìyà rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo padà wọ inú Festac ní tèmi, kí n tó wọkọ̀. Àlejò ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú yìí fún. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, inú àwọn ilé tó wà ní àwọn òpópónà onínọ́ńbà wọ̀nyí ni àwọn òṣèré, olórin àti ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sùn nígbà àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú. Wọ́n gbé e kalẹ̀ dáadáa: òpópónà gbòòrò, àyè fún igi, ojú gọ́tà. Lónìí, títì ti gbó ní ibi púpọ̀, igi ṣì ń ṣíji bo àwọn kan, àwọn ilé náà sì ti pín sí wẹ́wẹ́. Bóìs-kúọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́. Lára òpó iná ní 21 Road, àwọn ẹ̀jẹ́ntì ti lẹ ìwé mọ́ ìwé: yàrá kan, self-con, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin nìkan, omi wà.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbà mí wọ yàrá wọn lẹ́yìn ilé kan nítòsí Fourth Avenue. Mátírẹ́ẹ̀sì méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn a máa sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní lóru, wọ́n sì ń ṣe é ní àyípoyípo. Sítóòfù gáàsì kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìṣirò owó wà lórí páálí Indomie, bátìrì tí wọ́n ń fi tan iná wà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n dìídì sọ fún mi pé kì í ṣe owó ilé nìkan ló ń pa àwọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, owó ẹ̀jẹ́ntì wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó àtúnṣe ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé náà wà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí èèyàn tó gba kọ́kọ́rọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi lọ gbé nítòsí ilé-ìwé. Wọ́n ní ẹ̀rù ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń ba àwọn òbí àwọn, àti pé ní Festac, ẹnìkan nínú àwọn ní ẹ̀gbọ́n ìyá tó ń gbé abọ́ ọbẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí abọ́ ọbẹ̀ náà. Ó ti gbẹ.

Ẹni tó bá mọ ìtàn fásitì ilẹ̀ wa yóò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, gbígbé inú ọgbà wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà tó jáde níbẹ̀ ṣì ń fi orúkọ gbọ̀ngàn ibùgbé wọn ṣe oríkì ara wọn títí dòní. Nígbà tí Lateef Jákàńdè, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ní Èkó, dá LASU sílẹ̀ lọ́dún 1983, èrò mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ Èkó lè ti ilé òbí rẹ̀ lọ sí fásitì. Èrò tó dára ni, kò sì dá dúró. Jákàńdè yìí kan náà ló kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí Mile 2 wà lára rẹ̀, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pè ní Metroline. Ìjọba ológun fagi lé ọkọ̀ ojú irin náà lọ́dún 1985. Ilé kù, fásitì kù, ọkọ̀ ojú irin ni kò sí. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwọn ọmọ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó bí wọn.

Mo wọ danfo ní Àgbójú. Àwa mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìjókòó. A kọjá Alákijà, a kọjá Abúlé-Àdó, ọkọ̀ sì wá dúró gbagidi bí a ti ń sún mọ́ Trade Fair, nítorí àwọn kọ̀ǹtẹ́nà tó ń já ọjà fún àwọn oníṣòwò inú ibẹ̀. Láti ọdún 2009 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì yìí, kí ó lè di ọ̀nà mẹ́wàá, kí ojú irin sì gba àárín rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Apá kejì, kìlómítà 14 láti Mile 2 dé Okokomaikó, ni yóò gba Festac àti ẹnu géètì LASU kọjá, iṣẹ́ sì ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí nawọ́ sí iṣẹ́ náà láti ojú fèrèsé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina a máa délé kí òun tó dé láti Ọ̀jọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ti ẹ̀gbọ́n náà ló jìn jù.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ gba ẹnu gbogbo wọn nínú ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò dúró sójú kan mọ́; bí òjò bá ṣú, owó ti lé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ìṣèlú ti gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND. Ó dúpẹ́ pé wọ́n san owó ilé-ìwé òun tààrà. Ti ₦20,000 tí wọ́n ń fún wọn lóṣù fún ìgbọ́bùkátà, ó pín in sí ogún ọjọ́ kíláàsì lójú mi: ₦1,000 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, kó tó ra omi mu. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkọ̀ nìkan ń gbé gbogbo rẹ̀ jẹ.

Owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ní ìtàn tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti sọ fún wọn. Lọ́dún 2011, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, gbé owó LASU láti ₦25,000 lọ sí ₦193,750, ó sì tó ₦348,750 fún àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, wọ́n wọ́de, wọn kò sì sinmi títí ìjọba fi dá a padà sí ₦25,000 lọ́dún 2014. Àwọn tó wà nínú danfo yìí kéré nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n mọ iye náà lórí. Nígbà tí UNILAG, fásitì ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, sì sọ owó rẹ̀ di ohun tó lé ní ₦100,000 láti ₦19,000 lọ́dún 2023, ẹ̀rù ba àwọn ará LASU náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé-ìwé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi yangàn, nítorí wọ́n ń yangàn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, yanṣẹ́ lódì, àwọn ọmọ Festac tó wà ní fásitì ìjọba àpapọ̀ sì jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn kan kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan lọ ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair. LASU kò bá wọn yanṣẹ́ lódì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti wà ní ọdún ìkẹyìn sọ fún mi pé ọdún yẹn ni àwọn ará àdúgbò dẹ́kun fífi LASU ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tó ti bú u pé kò wọ UNILAG ni ó wá ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àbúrò rẹ̀.

A dé géètì. Ojú ọjọ́ ti mọ́ kedere, èrò ń ya wọlé, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ti ṣí ìsọ̀. Nínú ọgbà, ohùn wọn yí padà. Wọ́n yin àwọn olùkọ́ kan gidigidi, wọ́n dárúkọ wọn pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ ni pé gbọ̀ngàn kò gba èrò ní àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ń ṣe pọ̀; ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ yóò dúró lójú fèrèsé. Ta ló sì ń dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ? Àwọn tó wọkọ̀ wá ni. Mo dúró lójú fèrèsé náà pẹ̀lú wọn fún ìgbà díẹ̀. Ohùn olùkọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọkùnrin kan sì ń ya àwòrán ohun tó wà lójú pátákó láti èjìká ẹlòmíràn.

Ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti fi ìpìlẹ̀ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ lélẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ aládàáni, ibùsùn tó lé ní 8,000. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè iye tí aládàáni yóò gbà lórí ibùsùn kan. Ìbéèrè náà tọ́. Ibùsùn tí ọmọ mẹ́kúnnù ò lè san owó rẹ̀ kò ní mú ẹnikẹ́ni kúrò lórí ẹní ní Festac.

Ìrọ̀lẹ́ ló dun àwọn obìnrin jù. Bí kíláàsì bá parí ní aago mẹ́fà, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí ọkọ̀ tó dé Volks. Wọ́n kọ́ ara wọn ní ọgbọ́n: wọn kì í wọ ọkọ̀ tí ọkùnrin nìkan wà nínú rẹ̀ nítorí wọ́n-ṣáǹsì, ìyẹn àwọn ọlọ́ṣà tó ń fi ọkọ̀ èrò jalè, wọ́n ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ń ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ó bí mi nínú pé ọmọ ogún ọdún gbọ́dọ̀ mọ gbogbo èyí kó tó lè kàwé.

Nígbà tí a ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń jiyàn lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó fẹ́ lọ gba yàrá ní Ìyànà-Ìbà. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní kó máa ti Amúwò lọ, kó ní sùúrù díẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin yóò fi dé LASU. Ó yíjú sí ìkejì rẹ̀ tó wà ní ọdún kẹrin: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé yóò dé kí n tó parí?" Ẹ̀gbọ́n náà ní bàbá tòun náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí òun wọlé. Kọ́ńdọ́ ké Àgbójú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.