Ooru Yàtọ̀ sí Ìgbóná

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru a máa mú tọmọdé tàgbà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Ẹni tí ó ń làágùn, tí ó ń fẹ abẹ̀bẹ̀, yóò wí pé “ooru ń mú mi”. Kò ní wí pé “ara mi ń gbóná”, àfi bí ibà bá dé. Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Lójú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ooru ni agbára tí ń ti ara ohun tí ó gbóná lọ sí ara èyí tí kò gbóná tó o. Ìwọ̀n ìgbóná ni ó ń sọ ibi tí agbára náà yóò kọrí sí. Ẹ ju ẹ̀yinná kan ṣoṣo sínú ìkòkò omi ńlá. Ẹ̀yinná gbóná ju omi lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n yóò kú lójú ẹsẹ̀, omi kò sì ní yàtọ̀ púpọ̀. Ìgbóná rẹ̀ ga, ooru inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọwọ́ kò ṣeé fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí agbada gàrí lè fọwọ́ kan ọmọ tí ibà ń ṣe, kí ó rò pé ara rẹ̀ tutù. Ìdí nìyí tí a fi ń lo tẹ̀mómítà.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó lókìkí. Lórí ti Fahrenheit, tí ó jáde ní 1724, omi ń di yìnyín ní 32, ó sì ń hó ní 212. Lórí ti Celsius, ará Sweden, tí ó jáde ní 1742, a ń ka 0 àti 100. Ti Kelvin, láti 1848, bẹ̀rẹ̀ níbi tí ohunkóhun kò ti lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí í ṣe 273.15 nísàlẹ̀ òdo Celsius. Bí a bá fẹ́ yí Fahrenheit sí Celsius, a ó yọ 32 kúrò, a ó fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi 9 pín in.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ẹni tí ó bá fara kan aláìsàn, ọjọ́ 21 ni a fi ń ṣọ́ ọ, tí a ń wọn ìgbóná ara rẹ̀. Ara tí ó dá kì í jìnnà sí 37 Celsius. Bí ó bá pé 38, ó yẹ kí dókítà gbọ́. Lórí Fahrenheit, 38 yìí ni 100.4. Bí ẹnìkan bá wá kọ “100” lásán ńkọ́? Lórí Fahrenheit, ara ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni; lórí Celsius, omi tí ń hó ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá wọn ìgbóná ara ẹnikẹ́ni nílé, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ kọ orúkọ òṣùwọ̀n mọ́ ọn, ẹ sì kọ àkókò. Iye tí kò ní orúkọ kò lè ran dókítà lọ́wọ́.