“Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Lo Ti Rí I”: Yíya Àwòrán Ìràwọ̀ Nínú Ọyẹ́ ní Ìgàndò

Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ti ń bó wa létè, mo fi àwòrán kan han Bàbá onílé wa ní Ìgàndò. Ìkùukùu pupa kan ló wà níbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ sì fọ́n ká inú rẹ̀. Bàbá wò ó títí, wọ́n dá fóònù padà fún mi.

“Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rí i. Ṣé ojú ọ̀run tiwa yìí náà ni? Èmi ò rí nǹkan pupa kankan níbẹ̀ rí.”

Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ wọn bọ́gbọ́n mu. Tí ojú kò bá rí nǹkan, tí ẹ̀rọ wá ní òun rí i, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ ò parọ́?

Ẹ̀rọ tí mo ń lò ni Seestar S50, ọ̀kan lára àwọn awò awọ̀nàjíjìn tuntun tí wọ́n ń pè ní smart telescope. Ilé iṣẹ́ ZWO ní Ṣáínà ló ṣe é. Kò ní ibi tí èèyàn ń fojú sí rárá, fóònù la fi ń darí rẹ̀. Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ wò, yóò ya ojú ọ̀run, yóò fi bí àwọn ìràwọ̀ ṣe tò mọ ibi tó dojú kọ, yóò sì yí ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Dígí iwájú rẹ̀ ò fẹ̀ ju mìlímítà 50 lọ.

Ohun tí mo yà ni M42, ìkùukùu gáàsì inú Orion. Ẹni tó bá ti ka ìwé Jóòbù ti pàdé orúkọ Orion níbẹ̀. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Apá gúúsù wọn, nítòsí, ni M42 wà. Ibẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ tuntun ti ń dá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 1,300 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn ni pé ó ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Ifẹ̀ tó fi idẹ ṣe àwọn orí tí gbogbo ayé mọ̀ wọn sí.

Ẹ ó ní, ṣebí eruku ni ọyẹ́ ń kó bá wa? Bẹ́ẹ̀ ni o. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Àwọn alẹ́ kan wà tí òṣùpá gan-an máa ń dà bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ lé lórí. Lálẹ́ bẹ́ẹ̀, oorun ni mo ń sùn. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò burú jù ú lọ, torí ẹ̀rọ kankan ò lè wo inú àwọsánmà kọjá.

Ibi tí ọ̀run ti fẹ́ kan ilẹ̀ ni eruku ti ń dí wa lójú jù, torí afẹ́fẹ́ tí a ń wò gba inú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Láàárín oṣù Ṣẹẹrẹ, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, òkè orí wa ni M42 máa ń wà. Ní London, kò ga tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwa. Àwọn ará ibẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú yìnyín, èmi wọ súwẹ́tà kan ṣoṣo pẹ̀lú fìlà. Òtútù náà tún ń ran sensor inú ẹ̀rọ lọ́wọ́, torí bí ó bá ṣe tutù tó ni àmì wúruwùru inú àwòrán ń dín kù.

(Ẹ má fi aṣọ nu dígí rẹ̀ o! Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, eruku ọyẹ́ sì fa ìlà sí i lára. Rọ́bà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ lò.)

Báwo ló ṣe wá ń rí ohun tí ojú ò rí? Ẹ ronú nípa ìgbà tí network burú lórí fóònù. Ẹ ní kí onítọ̀hún tún ọ̀rọ̀ sọ, ẹ gbọ́ díẹ̀. Ó tún sọ, ẹ gbọ́ sí i. Ẹ̀rọ yìí ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń tò wọ́n léra wọn. Ibi kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wà nínú gbogbo wọn, àmọ́ àwọn àmì wúruwùru kì í dúró lójú kan, nítorí náà wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Ó kàn jẹ́ pé kì í yá: tí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán mọ́ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin àkókò lẹ ó ná.

Àwọ̀ pupa ńkọ́? Gáàsì hydrogen ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Ojú wa kì í mọ àwọ̀ nínú òkùnkùn ni. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ òní, ẹ gbìyànjú láti mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé láìtan tọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́: app náà ń fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán kí a lè rí i. Ìyẹn kò fi ohun tí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò gbà.

Mo wá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró sídìí switch.” Mo pa data fóònù mi níṣojú wọn, Wi-Fi tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, a jẹ́ kí iná iwájú ilé máa tàn, a yà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwòrán náà funfun bòrò, ìkùukùu náà hàn fírífírí ní àárín. Bàbá pa iná. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ jáde bí ẹni ń nu dígí, tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Bàbá tan iná padà, wọ́n ní kí n tún un yà. Ó tún bàjẹ́. Wọ́n pa á.

“Ó dáa,” ni wọ́n sọ, “iná mi ló ń bà á jẹ́.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Iná mi ò lè ba nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́.”

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé ẹ̀rọ jáde, iná iwájú ilé ti kú, àga Bàbá sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń dún. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀ nípa gílóòbù rẹ̀.