Olùdarí tàbí Páàdì? Ìsọlórúkọ Àwọn Ohun-èlò Ọwọ́ fún Eré Orí Ẹ̀rọ

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá kọjá láti ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn sí Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ kò ní pẹ́ gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá géèmù. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣàn kan ni ó máa ń wà níwájú, bẹ́ǹṣì kan ni yóò dojú kọ ọ́, ẹni méjì yóò sì jókòó, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun-èlò kékeré kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn, ohun-èlò méjì mìíràn ni a ó bá: ọ̀kan tí a ń fi ìka tẹ̀, àti ọ̀kan tí a ń tì kiri lórí tábìlì. Láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré orí ẹ̀rọ ní láti yàn. Àwọn ará ìgboro ń pè wọ́n ní páàdì, kíbọọ̀dù àti máòsì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ yìí ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn olùkọ́. Mo pe máòsì ní "eku", mo pe kíbọọ̀dù ní "pátákó kọ́kọ́rọ́", mo sì pe páàdì ní "olùdarí". Kò pẹ́ tí olùkọ́bìnrin kan láti agbègbè Challenge fi tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ka gbólóhùn yín fún àwọn ọmọ pé, 'Ẹ fi bátìrì tuntun sínú olùdarí.' Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan wá bi mí bóyá olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ẹ ń bá wí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo túmọ̀. N kò wo ohun-èlò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ ni pé bí a bá fẹ́ fún irin-iṣẹ́ ní orúkọ ní èdè Yorùbá, ohun tí ọwọ́ ń fi í ṣe ni kí a kọ́kọ́ wò. Orúkọ tí ó bá ti ibẹ̀ wá yóò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti mọ èyí tí ó yẹ kí ó yàn, àti ìdí rẹ̀.

2. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe

(a) Kíbọọ̀dù. Láti ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni èyí ti wá. Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, gba àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ wọn ní 1868. Ilé-iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1874. Lẹ́tà ni a ṣe é fún. A kò ṣe é fún eré. Nígbà tí eré dé orí kọ̀ǹpútà, àwọn eléré wá ibi tí wọn yóò fi ìka sí. Èyí tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ ni kí ọwọ́ òsì wà lórí W, A, S àti D: W fún iwájú, S fún ẹ̀yìn, A fún òsì, D fún ọ̀tún. Dennis Fong, ará Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí Thresh, wà lára àwọn tí ó mú ìlò yìí gbajúmọ̀ nínú eré Quake ní àwọn ọdún 1990.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀. A lè fi àṣẹ kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kò mọ̀ ju nǹkan méjì lọ: a tẹ̀ ẹ́, tàbí a kò tẹ̀ ẹ́. Kò sí "díẹ̀" níbẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn kò sì lè fúnni ju ọ̀nà mẹ́jọ lọ, bí a tilẹ̀ tẹ méjì pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, orí ìlà òró àti ìlà ìbú ni a to wáyà inú rẹ̀ sí. Nítorí náà, nínú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, bí a bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ lè má gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ méjì tí ó bá ń pín kíbọọ̀dù kan lò.

(b) Máòsì. Douglas Engelbart ni ó ronú kan èyí ní ilé ìwádìí Stanford ní California. Bill English ni ó sì fi igi kan àkọ́kọ́ ní 1964, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ méjì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968 ni Engelbart fi í han gbogbo ènìyàn. Okùn rẹ̀ tí ó jọ ìrù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ẹranko. Lónìí, iná kékeré ni ó ń ṣọ́ ojú tábìlì dípò kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìrù mọ́.

Bí ọwọ́ bá ṣe rìn tó ni àmì ojú ẹ̀rọ yóò ṣe rìn tó. Bí ọwọ́ bá dúró, àmì dúró. Nítorí náà ni kò fi sí èyí tí ó dà bíi rẹ̀ nínú eré tí ó gba pé kí a yára fojú sun nǹkan, tàbí kí a ṣa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ tábìlì tí ó tẹ́jú, a kò sì lè lò ó lórí bẹ́ǹṣì Agbowó.

(d) Páàdì. Eré fúnra rẹ̀ ni ó bí èyí. Ní 1962, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní MIT ṣe eré Spacewar! lórí kọ̀ǹpútà PDP-1, wọ́n rí i pé bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ náà kò rọrùn fún ọwọ́, wọ́n sì kan àpótí kékeré tí a lè lò lọ́tọ̀. Ní 1982, Gunpei Yokoi ti ilé-iṣẹ́ Nintendo ní Japan fi bọ́tìnnì tí ó rí bí àgbélébùú sára eré àfọwọ́dìmú Donkey Kong. Ní 1997, Sony fi ọ̀pá kékeré méjì kún páàdì PlayStation, ọ̀kan fún àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá yìí ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó lè tẹ̀ sí ọ̀nà gbogbo, ó sì mọ bí a ti tẹ̀ ẹ́ tó. Onílù yóò tètè lóye ìyàtọ̀ náà. Gúdúgúdú ní ohùn tirẹ̀ tí kì í yí padà: a lù ú, tàbí a kò lù ú. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ti fún ọsán ìyáàlù tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gòkè tó. Gúdúgúdú ni kíbọọ̀dù. Ìyáàlù ni ọ̀pá páàdì. Ìdí nìyí tí ó fi dára fún bọ́ọ̀lù àti fún wíwa ọkọ̀, níbi tí yíyà díẹ̀ àti yíyà púpọ̀ kò ti jẹ́ ọ̀kan náà. Kò fẹ́ tábìlì, ẹni méjì sì lè jókòó pẹ̀lú ìkọ̀ọ̀kan tirẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn kan.

Ṣùgbọ́n ó ní àrùn tirẹ̀. Ohun tí ń wọn títẹ̀ ọ̀pá náà máa ń jẹ bí ó bá pẹ́; ẹ̀rọ yóò sì rò pé a tẹ ọ̀pá nígbà tí ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ní Agbowó ń ráhùn pé, "Páàdì yìí ti ń rìn fúnra rẹ̀." Kò sí ìwé tí ó kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá.

3. Bí Yorùbá ti ń sọ irin-iṣẹ́ lórúkọ

Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn baba wa fi sọ ọ̀pọ̀ irin-iṣẹ́ lórúkọ. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe *lù* ni a ti rí ìlù àti òòlù. Láti inú *yà*, òòyà. Láti inú *sẹ́*, asẹ́. Láti inú *gbá ilẹ̀*, ìgbálẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *olù-* ní tirẹ̀, ènìyàn ni ó sábà máa ń tọ́ka sí: olùkọ́, olùṣọ́, olùgbàlà. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Bí a bá sì fi ẹ̀yán kún un pé "olùdarí eré", ẹni tí ń darí eré orí ìtàgé ti gba orúkọ yẹn.

"Pátákó kọ́kọ́rọ́" kò sàn jù ú. Ohun tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé pátákó tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣebí a fi ẹranko sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ, tí a pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣá, èyíinì ni eré sísá rẹ̀, ni orúkọ náà mú. Kò pe ẹ̀rọ ní àṣá. "Eku" kò sọ iṣẹ́ kankan. Ìrù ni ó dúró lé, ìrù náà sì ti já.

4. Àbá

A dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lábàá:

(i) *atọ́ka ọwọ́* fún máòsì. Kí àmì tí ń rìn lójú ẹ̀rọ jẹ́ *atọ́ka ojú ẹ̀rọ*.
(ii) *àtẹ bọ́tìnnì* fún kíbọọ̀dù. Àwọn kan ń lo "pátákó ìtẹ̀wé", ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe eré kò tẹ ìwé.
(iii) *ọ̀pá àtàǹpàkò* àti *bọ́tìnnì alágbèélébùú* fún àwọn ẹ̀yà ara páàdì.
(iv) *àrìnfúnra* fún àrùn ọ̀pá náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin Agbowó ti sọ ọ́.
(v) *páàdì* fún páàdì.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Mo ti kọ́kọ́ dá "ìdìmú" lábàá, nítorí pé a ń dì í mú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀kan sì dá mi lóhùn pé, "Ó dáa, sà, ṣùgbọ́n páàdì ni." Mo rò ó títí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gba fáwẹ̀lì ìparí àti ohùn Yorùbá. Ó ń gba ẹ̀yán wa láìsí ìnira. Lóòótọ́, páàdì tún ni orúkọ ohun tí àwọn obìnrin ń lò fún nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n "páàdì géèmù" ti tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ìgbà tí *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984 ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀-àyálò wà lára ọ̀nà tí a lè gbà ní ìperí. Bí ẹnu ọ̀pọ̀ bá ti kò lórí ọ̀kan, tí kò sì ṣini lọ́nà, kí ni a ó fi òmíràn ṣe?

5. Ìkádìí

Olùkọ́ lè wá kọ́ ọmọ báyìí pé: "Bí eré bá gba fífojú sun nǹkan, mú atọ́ka ọwọ́. Bí àṣẹ inú rẹ̀ bá pọ̀, fi àtẹ bọ́tìnnì tì í. Bí ó bá jẹ́ ti rírìn àti yíyà, tàbí tí kò sí tábìlì, mú páàdì." Mo fi gbólóhùn yìí ránṣẹ́ sí olùkọ́bìnrin Challenge. Ó ní ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ni ó béèrè pé kí ló dé tí àtẹ bọ́tìnnì kò lè rìn jẹ́jẹ́. Ìbéèrè ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, Yorùbá ni ọmọ náà sì fi béèrè rẹ̀.

Àbá ni a dá. A kò ṣòfin. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀, ẹ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì àti ní ìgboro, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa nípa èyí tí ẹnu gbà àti èyí tí ẹnu kọ̀.