Ìpolówó Oògùn Ọmọdé

Ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ òrukàn ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù.

Ní ọjọ́ ọjà, àwọn tó ń kiri oògùn a máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé ìgò kan ṣoṣo ń wo eyín híhù, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ NAFDAC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kí ó tó jáde. Eyín híhù pàápàá, kì í ṣe àìsàn.

Láàrin ọdún 2008 sí 2009, ọmọ 84 ni oògùn eyín híhù tí à ń pè ní My Pikin pa ní Nàìjíríà. Diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló sì ṣe é o! Nítorí náà, nọ́ńbà NAFDAC lára páálí pọn dandan, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó fún ọmọ lóògùn.

Bí ọmọ bá lo oògùn tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù tàbí tó dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò san owó ọkọ̀ láti inú sàká. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání.